Aṣọ tí Ìyá Ramọ́tù fi gbàlejò

Wọ́n ní Ìyá Ramọ́tù kì í ṣe tálákà.

Ará ilé wa ní Kpata, ládùúgbò etí odò ní Lọ́kọ́ja, ni. Láàárọ̀ yìí ló wá yá aṣọ lọ́wọ́ mi. Àwọn kan tó ń ran aláìní lọ́wọ́ ń bọ̀ wá wo bí kálukú ṣe ń gbé, ó ní òun ò lè fi àkísà pàdé àlejò. Mo fún un ní léèsì mi. Èmi náà ni mo bá a wé gèlè.

Ó gbálẹ̀ yàrá. Ó ra píọ́wọ́tà tútù sílẹ̀ dè wọ́n.

Wọ́n dé. Ọmọbìnrin tó ṣáájú wọn wò ó látòkè délẹ̀.

"Màmá, ẹ mà rẹwà o! Àwọn tí kò rí jẹ là ń wá."

"Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Wọn ò wọlé. Wọ́n mu omi, wọ́n kọjá sílé kejì.

Ká ní wọ́n wọlé ni, wọn ì bá rí ibi tí omi odò dé lára ògiri nígbà tó kún wọlé, àti ẹní kan ṣoṣo tí òun àtàwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń sùn lé.

Nírọ̀lẹ́ ó dá aṣọ padà. Ó ti fọ̀ ọ́, oòrùn Lọ́kọ́ja ti mú un gbẹ.

"Ìyá Dáre, ṣé wọ́n á padà wá?" ó bi mí.

Mo gba aṣọ mi. Inú ò tiẹ̀ bí mi, mo kàn jókòó.

Ẹ̀yin èèyàn mi, nílé tiyín, tí wọ́n bá ní àlejò ń bọ̀, ṣé àkísà lẹ máa ń wọ̀ dè é?