Jẹjẹrẹ Kọ́ Ló Pa Sagbo

Sagbo kú ní Gberefu lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ilé ìwòsàn sì ti fi wá lọ́kàn balẹ̀ pé jẹjẹrẹ kọ́ ló pa á. Mo ní kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣi àwọn dókítà wa gbọ́. Kókó lásán ló wà ní párì ọkùnrin náà, èyí tí kì í ràn kálẹ̀ nínú ara. Irú rẹ̀ wọ́pọ̀. Ó kàn dàgbà títí ó fi gba gbogbo ẹnu ni. Ó ti ahọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dí ọ̀nà oúnjẹ, nígbà tó yá, ó dí ọ̀nà èémí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò ní wàhálà kankan.

Ẹni tó bá ti wọkọ̀ ojú omi láti Badagry lọ sí Gberefu rí, ó mọ Sagbo, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Òun ló ń pe èrò ní èbúté. Ọkọ̀ wa kì í gbéra àfi tó bá kún, nítorí náà, iṣẹ́ Sagbo ni kó máa parọ́ fún wa. Á dúró sórí pákó, á fi èdè Gun pè wá pé ká máa bọ̀, "Mì wá, mì wá," á wá bọ́ sí Yorùbá: "Ẹnì kan péré ló kù o." Wàá sáré débẹ̀, wàá bá ìyá arúgbó kan àti apẹ̀rẹ̀ àgbọn nínú ọkọ̀ tó ṣófo. Bí o bá bínú, á ní, "Ìwọ ni ẹnì kan tí mò ń wí." Ta ló fẹ́ bá irú èèyàn bẹ́ẹ̀ jà? Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Lọ́jọ́ tí a ń gbé òkú ìyá mi sọdá lọ sin ní Gberefu, àwa mélòó kan la tẹ̀lé e, àyè sì pọ̀ nínú ọkọ̀. Sagbo kò pe èrò kankan lọ́jọ́ náà. Ó wo pósí, ó wo ojú mi, ó ní ọkọ̀ ti kún.

Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ wú, a fi ṣẹ̀fẹ̀. A ní obì ló fi pa mọ́ síbẹ̀ kó má baà fún wa jẹ. Òun náà rẹ́rìn-ín. Olúbísí ìyàwó rẹ̀ ni kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó fà á lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Wọ́n gé bíńtín lára kókó náà, wọ́n fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, èsì sì dé. Lẹ́yìn ìsìnkú, Olúbísí sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá wọn sọ lọ́jọ́ náà fún mi bí ẹni ń ka Sáàmù: "Bàbá, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó wọ́pọ̀. Ẹ máa lọ sílé, kí ẹ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Àwa ará etí òkun yìí kì í fi irú àṣẹ yẹn ṣeré. Tí wọ́n bá ní ká lo òògùn lẹ́yìn oúnjẹ, a lè gbàgbé. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní ká lọ dúpẹ́, a máa ń lò ó tán. Sagbo pa ewúrẹ́, ó wọ aṣọ funfun, ó jó dé iwájú pẹpẹ, ó sì jẹ́rìí fún ìjọ pé Ọlọ́run ti kọ jẹjẹrẹ fún òun. Ìjọ hó yèè. Nígbà tí kókó náà tún ń wú, Olúbísí ní kí wọ́n padà lọ, Sagbo kọ̀. Ó ní ẹni tó ti jẹ́rìí kì í lọ gba ọpẹ́ rẹ̀ padà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àwọn alàgbà ìjọ ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ìgbà tí èbà kò gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá mọ́ ló tó gbà láti lọ.

Àṣìṣe tiwa nìyẹn, mi ò ní bò ó. Ṣùgbọ́n ta ló júwe ọpẹ́ fún un bí ẹni júwe òògùn? Ta ló yẹ kó sọ fún un pé ohun tí kì í ṣe jẹjẹrẹ náà lè pààyàn, pé bí a kò bá gé e, á máa dàgbà ni? Ṣé èrò ọkọ̀ ló yẹ kó sọ ọ́ fún un ni?

Nígbà tó padà dé ilé ìwòsàn ìjọba, wọ́n ní kò sí ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ párì níbẹ̀, kó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá láàárín Èkó. Ó dé Èkó, wọ́n ní kó lọ máa retí nílé, nítorí àwọn tí jẹjẹrẹ ń ṣe ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá lóhùn. Ẹ ò rí i pé ẹ̀bi Sagbo ni? Ó lọ mú àìsàn tí kò níyì. Ó bá ń retí. Ohùn rẹ̀ lọ, àwọn ọlọ́kọ̀ sì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí èbúté kó máa bá a parọ́. Òun á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa fọwọ́ pe èrò. Olúbísí ń fi ṣíbí rọ ògì sí i lẹ́nu títí ògì náà fi kọ̀ tí kò wọlé mọ́. Ọ̀sà lọ́tùn-ún, òkun lósì, ẹja níbi gbogbo, ebi sì ń pa ọkùnrin náà lọ lójú wa.

Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn ọ̀gá ìlera wá ṣe àpérò lórí ìtọ́jú ẹnu nílùú wa. Wọ́n pín búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Ọ̀gá kan dìde, ó ní ká fọkàn balẹ̀, pé ọ̀pọ̀ kókó tí àwọn ń rí lẹ́nu àwọn aláìsàn kì í ṣe jẹjẹrẹ, pé wọ́n wọ́pọ̀ gan-an ni. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo nawọ́, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tó bá wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ta ló ń gé e níbí?" Ó ní ìbéèrè mi dáa púpọ̀, ó sì ní kí wọ́n máa gbé oúnjẹ wá.

Ata wọ́pọ̀ ní ọjà Agbalata, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tà á fi pọ̀. Ẹrù ń kọjá lójoojúmọ́ ní Seme, ẹ wo bí wọ́n ṣe kó aṣọ́bodè jọ síbẹ̀. Kókó ẹnu nìkan ni wọ́n ní ó wọ́pọ̀, tí wọ́n sì torí ìyẹn pa á tì. Ṣé bí iná bá ń jó ilé púpọ̀, omi la ó wá fi pamọ́?

Mo lọ bá ọ̀gá ilé ìwòsàn wa lẹ́yìn ìsìnkú. Ó kí mi kú àràfẹ́rakù, ó dùn ún lóòótọ́. Ó wá ní kí n fi sọ́kàn pé èsì àyẹ̀wò tí àwọn sọ kò yingin. Inú bí mi, mo dìde, mo bá tèmi lọ.

Nítorí náà, ibí ni mo ti ń dá a lóhùn. Kí ìjọba sọ fún wa ní gbangba ẹni tó ní kí Sagbo máa lọ sílé láìsọ ohun tó ń bọ̀ fún un, àti ẹni tó tì í sẹ́yìn ìlà títí ó fi kú. Kí àwọn méjèèjì wá jókòó níwájú Olúbísí, kí wọ́n sì ṣàlàyé. Kí dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ párì máa wá sí Badagry déédéé. Ẹ má pín búrọ́ọ̀ṣì fún wa mọ́.

Bí ẹ bá sì rò pé ẹ ṣì ní àkókò, mo rí ọmọdébìnrin kan níbi ìsìnkú, Zulaikha, ọmọ obìnrin tó ń ṣe epo àgbọn ní Gberefu. Ó fi ìborùn bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan. Ìyá rẹ̀ fa ìborùn náà kúrò, ó fi ibi tó wú hàn mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ti gba èsì, wọ́n ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, àwọn á ṣe sàráà lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dá sàráà náà dúró di ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ. Ó bi mí pé, "Ọjọ́ wo ni wọ́n máa ṣe é?"

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ dá a lóhùn.