Àáró Ìdí Ẹkù

Bí mo bá ń wọ Ìsàbà, ìlú wa, òórùn èéfín ìhá ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́, kí n tó rí òrùlé ẹnikẹ́ni. Ìhá tó ṣẹ́kù nígbà tí a bá fún epo tán la fi ń dáná ìdí ẹkù wa, níbi tí a ti ń ṣe epo pupa. Èéfín rẹ̀ nípọn, inú aṣọ ẹni ló sì máa ń sùn mọ́jú. Mo fẹ́ràn òórùn yẹn títí dòní.

Àáró ni àwa obìnrin bíi mélòó kan jọ ń ṣe níbẹ̀: lónìí epo tèmi, lọ́la tìrẹ. Nígbà tí ikọ́ ń dà mí láàmú, tí àyà mi ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, wọ́n ní otútù ni. Wọ́n gbé àpótí ìjókòó mi sí ibi tó móoru jù, ìdí iná gan-an. Àánú mi ni wọ́n ṣe, àánú ọ̀hún ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èémí wọlé, ó kọ̀, kò jáde mọ́. Alùpùpù sẹ́míjàn ló gbé mi dé ilé ìwòsàn ní Pobè, ẹnì kan dì mí mú lẹ́yìn.

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú mi ní asìmù ni, ikọ́ fée. Ó fún mi ní pọ́ńpù oògùn méjì tí a ń fà sẹ́nu: ọ̀kan fún ìgbà tí èémí bá há, èkejì fún àràárọ̀ àti alaalẹ́, bí ara tilẹ̀ dá ṣáṣá.

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹni tí ara rẹ̀ dá ń lo oògùn?"

"Ìyá, ṣé ìgbà tí òjò bá dé lẹ tó ń bo òrùlé ni? Ẹ sì jìnnà sí èéfín yẹn."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ló bà mí nínú jẹ́. Ẹni tí kò lè dúró nídìí iná, báwo ni yóò ṣe san àáró? Ẹkù ni mo fi ń jẹun, àwọn oníbàárà mi ní Sakété kò sì ní dúró dè mí. Tìtìjú-tìtìjú ni mo sọ ọ́ fún ìyá tó dàgbà jù láàárín wa. Ó pòṣé.

"Ìyàwó, ṣé iná la bá dá àáró ni, àbí ìwọ?"

Ó wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, ó ní kí wọ́n gbé àpótí mi lọ síbẹ̀, kí n máa yọ ẹyìn kúrò lára ìdì. "Bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ kò ní ikọ́ fée."

Èmi ni mò ń yọ ẹyìn gbogbo wa láti ìgbà náà. Láràárọ̀ mo máa ń fa pọ́ńpù mi, màá sé èémí díẹ̀, màá fi omi ṣan ẹnu, kí n tó jáde. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé iṣẹ́ ìdí iná ni mo fi jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Nísinsìnyí, bí afẹ́fẹ́ bá yí, tí èéfín kọjú sí mi, ẹnì kan a kígbe pé, "Ìyàwó, dìde!" Kí n tó nàró tán, wọ́n ti di àpótí mi mú.