Iyọ̀ Tó Pọ̀ Jù Nínú Ọṣẹ Olómi

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ilé ìtura kan lẹ́bàá òkè Patti fẹ́ wá kó ọṣẹ lọ́dọ̀ mi, mo ṣí àgbá, mo bu díẹ̀, ó sì ń ṣàn bí omi ìṣanwọ́. Ìyá tó ni ilé ìtura náà ti sọ fún mi pé bí ọṣẹ mi bá ṣàn, òun á padà sọ́dọ̀ àwọn ará Àbújá tó ń tà á fún òun. Òun sì ni oníbàárà ńlá àkọ́kọ́ tí mo rí.

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Lokongoma ni mo ti ń po ọṣẹ. Màmá Onize, obìnrin Ebira tó kọ́ mi níṣẹ́, máa ń sọ pé ìfófòó làwọn èèyàn ń rà, wọn ò ra ìmọ́tótó. Kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní Tẹsápọ̀n ló ń hó tí inú wọn fi ń dùn. Súfóníkì, tó dúdú tó sì ki bí oyin, ló ń já ọ̀rá kúrò lára abọ́. Ásíìdì ni, á bó èèyàn lọ́wọ́, la ṣe ń fi ìyẹ̀fun sóódà áàṣì pẹ̀tù sí i. Àwọ̀ àti òórùn ọsàn? Oge lásán ni. Iyọ̀ ọbẹ̀ ló ń mú kó ki.

Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n wá kí wa láti Kàbà. Mo bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àgbá.

"Èmi ni," ni wọ́n wí, ọkàn wọn balẹ̀. "Mo rí i lánàá bí o ṣe ń bu iyọ̀ sí i tó ń ki. Mo ní kí n kún ọ lọ́wọ́, kí wọ́n má baà ní o háwọ́."

"Iyọ̀ tó báwo, Màmá?"

"Èyí tó kù nínú ọ̀rá iyọ̀ yẹn."

Ọ̀rá ti ṣófo. Inú bí mi, n ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń jágbe mọ́ ìyá ọkọ? Mo pe Màmá Onize. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tó fi ku díẹ̀ kí n gé fóònù.

"Salt don too much," ni wọ́n wí. "Bó bá kéré, ọṣẹ á ṣàn. Bó bá tó, á ki. Bó bá pọ̀ jù, á tún ṣàn. Bu omi sí i, small small."

"Màmá, ó ti dà bí omi, ẹ tún ní kí n bu omi sí i?"

"Ta ni ọ̀gá láàárín àwa méjèèjì?"

Mo bu omi. Ìyá ọkọ mi gba igi lọ́wọ́ mi, wọ́n ń rò ó. Kò ki. Mo tún bu, wọ́n ń rò, wọ́n ń gbàdúrà lábẹ́ ẹnu. Nígbà tó yá, igi bẹ̀rẹ̀ sí wúwo.

"Ó ń ki!" ni wọ́n pariwo. "Ó ń ki o!" A jọ fò sókè.

Kò pẹ́ tí oníbàárà dé. Ó ki ọwọ́ bọ ọṣẹ, ó wo bó ṣe ń fà, ó ní ta ló pò ó. Mo wo ojú ìyá ọkọ mi, torí mo mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ fún àlejò: pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, pé mo kàn ń fi ọṣẹ ṣeré.

"Ìyàwó mi ló pò ó," ni Màmá wí. "Èmi bà á jẹ́, òun tún un ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn."