Ológbò Tí Mò Ń Fi "Ẹ" Kí

Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Mo ti sin bàbá, mo ti sin ìyá, mo sì ti fọmọ fọ́kọ. Síbẹ̀, bí mo bá dúró níwájú ológbò, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ n kọjá." Ẹnu mi ò gbà á láti pe ológbò ní "ìwọ". Ìyá àgbà wa, nílé wa nísàlẹ̀ òkè Mápó, ló sọ fún wa ní kékeré pé ológbò tó bá wo èèyàn lójú tí kò ṣẹ́jú, ẹnì kan ló rán an níṣẹ́. Ìwé tí mo kà kò sì tó èyí tó lè lé ọ̀rọ̀ náà jáde lára mi. Ìwé kẹfà ni mo bá a dé, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì jókòó sí ìwé kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kàwé nílé wa. Tíṣà ni. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé nílé ẹ̀kọ́ ìjọ, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa rò pé yóò jókòó sílé kó máa sinmi, ó ní oko bàbá wa lọ́nà Àkànrán ni òun ń lọ. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn níbẹ̀. Nígbà tí èkúté fẹ́ jẹ àgbàdo inú àká tán, ó lọ gba abo ológbò kan lọ́wọ́ ẹnì kan ní Òjé, ó tú u sílẹ̀ sóko. Àfi bí ẹni pé ó ránṣẹ́ pe àwọn ará rẹ̀. Akọ méjì jáde láti inú igbó, àwọn náà ò lọ mọ́. Wọn kì í wọ inú abà, wọn kì í jẹ́ kí ọwọ́ èèyàn kàn wọ́n. Abẹ́ ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ kan tó ti bàjẹ́ ni wọ́n ń sùn.

Mo máa ń rí i bó ṣe ń bọ́ wọn, láti òkèèrè o. Á bu ẹ̀kọ tútù sínú àwo, á fọ́ orí ẹja sí i, á fi ṣíbí lu agolo mílíìkì, kàn-kàn-kàn. Lẹ́yìn náà ni yóò wá jókòó lórí àpótí, tí yóò sì kọ ẹ̀yìn sí àwo náà.

Mo bi í nígbà kan, "Àǹtí, kí ló dé tí ẹ kọ ẹ̀yìn sí wọn?"

"Ológbò oko nìyẹn. Tó o bá kọjú sí i, á rò pé ìjà ni. Tó o bá kọ ẹ̀yìn sí i, á mọ̀ pé o fọkàn tán òun."

Èmi kẹ̀? Kí n kọ ẹ̀yìn sí ológbò? Mo kúkú rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tó kọjá, apá ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kọṣẹ́ lójijì láàárín ẹ̀gẹ́. Wọ́n gbé e wá sílé wa ní Mápó, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ń tọ́jú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tán lẹ́nu tíṣà. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó ránṣẹ́ pè mí.

"Ìwọ ni wàá máa lọ bọ́ àwọn ọmọ mi."

"Àǹtí, èmi? Ẹ mà mọ̀ pé..."

"Mo mọ̀. Ojo ni ẹ́. Ebi tó ń pa wọ́n ò béèrè ìyẹn. Lọ bọ́ wọn."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, "ìwọ" ni mò ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ìwọ yìí." "Ìwọ ọmọ yìí." Bí mo ṣe dàgbà tó, tí irun mi funfun, kò yí i padà. Ọ̀rọ̀ náà máa ń tù mí nínú ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó ń ra orí pańla ní Ọjà'ba lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ méjì. Obìnrin tó ń ta á fún mi ò jẹ́ kí n gbádùn.

"Bàbá, ẹ tún ti dé! Orí pańla, orí pańla ṣáá. Ṣé ìyàwó kékeré lẹ gbé wọlé ni?"

"Ológbò ni mo fẹ́ fún."

"Háà! Kò sọ̀rọ̀, kò bèèrè aṣọ, orí ẹja ló ń jẹ. Ìyàwó rere lẹ rí yẹn o, ẹ má jẹ́ ó bọ́."

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá lọ, mo mú igi gígùn kan dání. Mo gbé àwo kalẹ̀, mo fi igi náà tì í síwájú, mo lu agolo, mo sì sá sẹ́yìn. Abo ológbò yẹn jáde. Ara rẹ̀ rí bí eérú tí a da omi sí, etí rẹ̀ kan sì ti ya. Ó jókòó, ó wò mí. Kò ṣẹ́jú. Mi ò mọ ìgbà tí orúnkún mi tẹ̀.

"Ẹ kú ojúmọ́ mà. Ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi. Ẹ máa jẹun mà, mo ti ń lọ."

Mi ò mọ̀ pé ọkùnrin tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà dúró lẹ́yìn mi, ó di ọkọ́ mú.

"Bàbá," ló wí, "ṣé ẹ wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ ìyá yẹn ni? Ẹ kúkú dọ̀bálẹ̀ tán, kí n bá yín gbé iṣu wá."

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìyá ológbò bímọ mẹ́rin sábẹ́ ẹ̀rọ náà. Mo sáré mú ìròyìn lọ sí Mápó. Ojú ẹ̀gbọ́n mi là.

"O kí i kú ewu ọmọ?"

"Mo kí wọn, mà."

"Wọn!" Ó fi ìdajì ẹnu rẹ̀ tó ṣẹ́ kù rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Lẹ́yìn náà ló wá di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú ọwọ́ òsì. "Gbé ọ̀kan wá fún mi. Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ lajú, kí wọ́n mọ oúnjẹ jẹ. Ọ̀kan ṣoṣo. Mo fẹ́ fọwọ́ kàn án."

Mo ní mo ti gbọ́. Ohun kan ṣoṣo tó bèèrè lọ́wọ́ mi nínú gbogbo àìsàn yẹn nìyẹn.

Ojú wọn ò là dáadáa. Eruku ọyẹ́ ni, tàbí àrùn, mi ò mọ̀. Ipin bo ojú àwọn ọmọ náà, ó gan mọ́ ibẹ̀ bí àtè. Mo ròyìn fún ẹ̀gbọ́n mi, ó sì ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ ilé ìwé: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, iyọ̀ díẹ̀, aṣọ funfun tó mọ́. Kí n gbá ọmọ mú lẹ́yìn ọrùn, kí n rọra nu ojú rẹ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kí n má lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ méjì mọ́, ojoojúmọ́ ni.

Mo gbé omi náà kaná. Mo fi iyọ̀ sí i. Mo mú aṣọ funfun. Nígbà tí mo dé iwájú ẹ̀rọ, tí ìyá wọn wò mí, ọwọ́ mi kọ̀ láti nà. Ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́, kí ẹ fi mí rẹ́rìn-ín, nítorí èmi náà ti fi ara mi rẹ́rìn-ín títí ó fi korò lẹ́nu mi: mo gbé abọ́ omi náà kalẹ̀ níwájú ológbò, mo fi aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa nù ún fún wọn."

Mo padà sí Mápó.

"O nu ojú wọn?"

"Mo nù ún, mà."

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń gbé omi síwájú ológbò. Ọ̀kan kú. Mo sin ín sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èkejì kú. "Mélòó ló kù?" ni ẹ̀gbọ́n mi ń bèèrè. "Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà, mà." Ní ọjọ́ tí ẹ̀kẹta kú, ìyá wọn fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu gbé e jáde. Ó rìn wá títí dé ibi tí mo dúró pẹ̀lú igi mi, ó gbé òkú ọmọ náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà mi, ó sì wò mí.

Mo ju igi nù. Mo ṣí fìlà mi, mo fi wé ọwọ́, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀rọ, mo fa èyí tó kù jáde lẹ́yìn ọrùn. Ìyá rẹ̀ ya mí ní apá láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Mi ò jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo nu ojú náà, mo nù ún, omijé tèmi náà ń kán sí i. Iyọ̀ tó wà nínú ìyẹn náà á ti ṣiṣẹ́ díẹ̀.

Ojú kan là. Èkejì ti fọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà yè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá omi ẹja, nígbà tó sì yá, ó máa ń sùn sínú fìlà mi.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo gbé e sínú agbọ̀n, mo fi aṣọ bò ó, mo wọ takisí mikirà lọ sí ìgboro. Obìnrin tó jókòó tì mí ń wo agbọ̀n náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló wà níbẹ̀?"

"Adìẹ ni."

"Miáò," ni adìẹ náà wí.

Kí n tó wí nǹkan mìíràn, obìnrin náà ti ń pe orúkọ Jésù, ọkùnrin tó wà níwájú ń pe Allah, dẹ́rẹ́bà sì ti dúró. Èmi àti adìẹ mi fẹsẹ̀ rìn láti Oríta-Aperin dé Mápó.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Ọ́ńkù, kí lẹ gbé?"

"Ohun tí màmá yín ní kí n gbé wá."

Ó ṣí aṣọ. "Ológbò! Ọ́ńkù! Inú yàrá tí ìyá mi dùbúlẹ̀ sí!"

"Ọmọ ológbò ni. Ojú kan ló ní."

"Olójú kan lẹ tún wá mú wá!" Ó gbá mi mú lápá, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ́ńkù mi, èmi ò ro ibi sí yín. Ṣùgbọ́n tí nǹkan bá ṣe ìyá mi lọ́la, ta ni àwọn ará ilé máa ní ó gbé ológbò wọlé?"

Mo wo ọ̀ọ̀dẹ̀. Orí ti ń yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn méjì, mẹ́ta. Mo mọ orúkọ tí wọ́n máa ń fún àbúrò tó bá gbé ológbò wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí àìsàn, mo sì mọ̀ pé orúkọ náà kì í ṣí lára.

Ohùn ẹ̀gbọ́n mi wá láti inú yàrá. "Ṣé ìwọ nìyẹn? Ṣé o gbé e dé?"

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin péré ló wà láàárín wa.

"Rárá, Àǹtí. Ó di ọ̀la."

Ọmọ ológbò ké nínú agbọ̀n.

"Mo gbọ́ ohùn ẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ilẹ̀kùn ni, mà. Epo ló fẹ́."

Mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dún. Lẹ́yìn náà ló wí pé, "Ó dáa. Ẹ fún un lépo."

Ẹ. Ẹ̀gbọ́n mi. Àwa méjì la dúró lẹ́nu ọ̀nà lóòótọ́, èmi àti ọmọ rẹ̀; ó lè jẹ́ àwa méjèèjì ló ń bá wí. Ọjọ́ tí mo bá jí, tí ara mi yá, ohun tí mo máa ń sọ fún ara mi nìyẹn. Àwọn ọjọ́ yòókù, mo mọ̀ pé èmi nìkan ló ń bá wí, bí èèyàn ṣe ń bá àlejò tí kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀.

Mo gbé agbọ̀n padà sóko. Mo ní tó bá di ọ̀la, màá gbé e padà wá, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ pè mí ní ohun tó wù ú. Ògì àárọ̀ ni wọ́n ń fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ kejì nígbà tó mí kanlẹ̀, tí kò mí mọ́. Ọmọ mẹ́rin ló mọ̀ pé òun ní lóko nígbà tó ń lọ. Kò sí ẹni tó ní mo gbé ológbò wọlé. Orúkọ mi mọ́ tónítóní.

Lọ́jọ́ kẹta tí a sin ín, mo gba Ọjà'ba lọ sóko. Ẹlẹ́ja di orí pańla fún mi, kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Mo dé oko, mo fọ́ ẹja sínú ẹ̀kọ, mo lu agolo. Mo wá fa àpótí ẹ̀gbọ́n mi, mo jókòó, mo kọ ẹ̀yìn sí àwo náà.

Ẹ̀rù bà mí o. Ẹ má rò pé ọ̀fọ̀ ń wo ojo sàn. Gbogbo irun ẹ̀yìn ọrùn mi ló dìde. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí ewé gbígbẹ, ẹsẹ̀ ìyá, àti ẹsẹ̀ kékeré tó ń kọlu nǹkan nítorí ojú kan. Mo gbọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Ó yẹ kí n kí ìyá ológbò náà. "Ẹ" ò wá sí mi lẹ́nu. "Ìwọ" náà ò wá. Ọmọ mẹ́ta ló fi sílẹ̀ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, ọwọ́ mi tí kò nà ló sì fà á.

"A kú ara fẹ́ra kù," ni mo wí, láìwẹ̀yìn.

Ìró àwo dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó tún bẹ̀rẹ̀.