Ìbẹ́pẹ Òkè-Òyì Tó Wà Lẹ́yìn Ṣáláńgá

Nígbà tí mo wà ní kékeré, igi ìbẹ́pẹ kan wà nínú agbo ilé wa ní àdúgbò Gàmbàrí tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. Ẹ̀yìn ṣáláńgá ló ti lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ẹ mọ irú igi bẹ́ẹ̀, ibi tí kò dára ló ti ń so dáadáa. Bí èso rẹ̀ bá pọ́n, òórùn dídùn rẹ̀ a máa bá òórùn kejì du ọ̀nà.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń pàṣẹ nínú agbo ilé náà. Ó ní nájísì ni èso igi yẹn, pé omi tí gbòǹgbò rẹ̀ ń mu kò mọ́, a kò sì gbọdọ̀ fi kan ẹnu. Bẹ́ẹ̀, bí ibà bá dé, ewé igi yìí kan náà ló ń já sínú ìkòkò àgbo, tí a ó sì mu ún tipátipá. Ọ̀pá ewé rẹ̀ la fi ń ṣe fèrè. Kò sẹ́ni tó láyà láti bi í léèrè ìdí tí nájísì kò fi dé ọ̀dọ̀ ewé. Lọ́jọ́ tó ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń lá omi ìbẹ́pẹ lọ́wọ́, mo kúnlẹ̀ sínú oòrùn, mo ká ọwọ́ sókè títí apá mi fi kú.

Lọ́dún kan, nínú oṣù àwẹ̀, Ìyá àgbà kò rí ìgbẹ́ yà fún ọjọ́ mẹ́rin. Inú rẹ̀ le, kò lè jókòó dáadáa. Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò ní kí wọ́n wá ìbẹ́pẹ pípọ́n fún un ní ìṣínu àti ní sààrì, pé yóò rọ̀ ọ́ nínú. Bí kò bá yà á títí ọ̀túnla, ó ní àfi kó fi àwẹ̀ sílẹ̀. Àwẹ̀ tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yìí ló dùn ún ju inú lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí omi lójú rẹ̀ nìyẹn, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

Ìyá mi rán mi lọ sọ́jà. Kò sí ìbẹ́pẹ. Wọ́n ní àwọn àgbẹ̀ ará Òkè-Òyì, lẹ́yìn ìlú, tó máa ń gbé e wá kò tíì dé. Mo gbé abọ́ òfìfo padà sílé, mo sì gbójú sókè wo igi ẹ̀yìn ṣáláńgá. Méjì ti pọ́n. Mo fi ọ̀pá já ọ̀kan, mo sì fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí ẹni ń ṣe àlùwàlá fún un. Ìyá mi gé e sínú abọ́.

Nígbà ìṣínu, Ìyá àgbà bi mí ní ibi tí a ti rí i.

“Òkè-Òyì ni wọ́n ti gbé e wá, Ìyá àgbà.”

Ó wò mí, ó ṣe Bìsìmílà, ó sì jẹ èyí tí a bù fún un tán. Eyín rẹ̀ kò pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ìbẹ́pẹ kò béèrè eyín. Ó tún jẹ èyí tó ṣẹ́kù ní sààrì. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó jáde ní ṣáláńgá, ó ń ṣe Alihamudulilahi. Àwẹ̀ rẹ̀ kò bọ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó pè mí. “Àwáwù, lọ sí Òkè-Òyì ẹ̀yìn ṣáláńgá yẹn, bá mi ká ọ̀kan sí i.”

Kò rẹ́rìn-ín. Mo gbé ọ̀pá, mo lọ já a wá. Láti ọjọ́ náà, a kò gbọ́ nájísì mọ́.

Wọ́n ti wó ṣáláńgá náà báyìí, igi sì bá a lọ. Àdúgbò Fátè ni mò ń gbé, iléèwé ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, dókítà ní kí n máa jẹ ìbẹ́pẹ, pé ó ń jẹ́ kí oúnjẹ dà, ó sì dára fún ojú. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ tuntun ni. Àwọn ọmọ mi ní ó ń rùn, oògùn fítámì oníhóró ni wọ́n ń gbé mì. Èmi máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ rà á ní ẹ̀bá títì, níbi tí wọ́n ti ń kó o bọ̀ láti oko. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí níbi tí mo ti rí i, òótọ́ ni mò ń sọ báyìí, Òkè-Òyì ni. Àárò Ìyá àgbà a sì sọ mí, torí kò dùn tó ti Òkè-Òyì tiwa.