Obìnrin Tí Kò Kúrò Nínú Dátábéèsì

Wọ́n ti mú iná lọ láti òwúrọ̀, bátìrì láptọ́ọ̀pù mi sì ti ń tán lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe ohun tí n kì í ṣe. Dípò kí n jẹ́ kí gbogbo ìdánwò ètò kọ̀ǹpútà wa ṣiṣẹ́ tẹ̀ léra wọn, mo mú ẹyọ kan, mo ní kó dá ṣe, kí n lè ṣọ́ bátìrì lò. Ìdánwò tó máa ń yọ àwọ̀ ewé lójoojúmọ́ yọ pupa.

Mo tún un ṣe. Pupa ni.

Ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìjàgbó ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan kọ ètò kọ̀ǹpútà náà fún. N ò kọ́ iṣẹ́ yìí ní ilé ẹ̀kọ́ kankan. Inú yàrá mi ní Ọ̀fà, lórí fóònù, ni mo ti kọ́ ọ, ìdánwò ló sì dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀. Kóòdù kékeré ni ìdánwò, tó ń ṣe bí ẹni pé òun ni nọ́ọ̀sì. Á kọ orúkọ aláìsàn tí kò sí láyé sínú dátábéèsì, ìyẹn ibi tí ètò ń kó gbogbo àkọsílẹ̀ sí, á sì wò ó bóyá ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Bó bá dára, àwọ̀ ewé. Bí kò bá dára, pupa.

Èyí tó yọ pupa yìí ló ṣe pàtàkì jù. Òun ló ń rí i dájú pé bí aláìsàn bá sọ pé ara òun kọ oògùn kan, ìkìlọ̀ á jáde gàdàgbà lójú kọ̀ǹpútà nígbà tí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ fún un ní oògùn náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò náà fún àwọn aláìsàn.

Mo ní kí gbogbo ìdánwò jọ ṣe. Àwọ̀ ewé látòkèdélẹ̀. Mo tún dá ẹyọ yẹn ṣe. Pupa.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi, nítorí òun ló kọ apá ìkìlọ̀. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún ti dé. Egungun lẹ tún ń wá nínú ẹyin. Bí gbogbo wọn bá ti jọ yege, kí lẹ tún ń fẹ́?"

Mo ti ń ka àwọn ìdánwò náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, mo sì rí i. Ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ kọ orúkọ ìyá àgbà kan sílẹ̀, ó fi ìkìlọ̀ sí i lára tààrà láìgba ọ̀dọ̀ ètò wa, ṣùgbọ́n nígbà tó parí, kò pa á rẹ́. Ìyá náà jókòó síbẹ̀. Gbogbo ìdánwò tó tẹ̀ lé e ló ń bá a nílé. Nígbà tí ìdánwò tèmi bá béèrè bóyá ìkìlọ̀ wà, ìkìlọ̀ ti ìyá yẹn ni dátábéèsì ń gbé jáde.

Ó dà bí ẹni tó se ọbẹ̀ nínú ìkòkò tí a kò fọ̀. Ó tọ́ ọ wò, iyọ̀ wà níbẹ̀, kò sì mọ̀ pé iyọ̀ ọbẹ̀ àná ni. Òun fúnra rẹ̀ kò fi iyọ̀ kankan sí i.

Dátábéèsì ní ọ̀nà tó rẹwà tí a fi ń dènà irú èyí. Kí ìdánwò kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, a lè sọ fún un pé ohun yòówù tó bá kọ, kó má tíì fọwọ́ sí i. Bí ìdánwò bá ti parí, a ó ní kó gbàgbé gbogbo rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn nu síléètì. Èyí tó kàn á bá ilé lófìfo. Mo kọ àwọn ìlà díẹ̀ yẹn, mo sì ní kí gbogbo wọn jọ ṣe. Ìyá àgbà lọ. Ìdánwò ìkìlọ̀ sì yọ pupa láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ètò wa kò tíì kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ń gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó sì ń sọ ọ́ nù.

Mo pe Mátíróònù tó ni ilé ìwòsàn náà. Kí n tó ráyè sọ̀rọ̀, ó ti ń dúpẹ́, pé láti ìgbà tí àwọn ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ò tíì pariwo mọ́ ẹnì kankan. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n dá abẹ́rẹ́ dúró, kí wọ́n bi aláìsàn kọ̀ọ̀kan léèrè lẹ́nu kí wọ́n tó gún un.

"A kì í bi wọ́n mọ́ o," ó wí. "Ṣé a ó máa bi àgbàlagbà ní ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì ni, bí ẹni pé irọ́ ló pa lákọ̀ọ́kọ́?"

Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń béèrè kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ èyíkéyìí, àwọn àgbà sì máa ń kùn pé àwọn ọmọ yìí ń wádìí àwọn bí ọlọ́pàá. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, Mátíróònù ní kí àwọn nọ́ọ̀sì fi ọ̀wọ̀ wọ̀ wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan tó, ẹ̀rọ á máa rántí.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìjàgbó. Alhaja kan wà lórí bẹ́ǹṣì, nọ́ọ̀sì dúró tì í, abẹ́rẹ́ wà nínú àwo. Mátíróònù kúnlẹ̀ kó tó bi í léèrè. Inú Alhaja ò dùn.

"Mo ti sọ fún ọmọ yìí lánàá. Ó ní ẹ̀rọ ti gbọ́."

Mátíróònù bi í pé oògùn wo ni. Nígbà tó dárúkọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì rọra gbé àwo náà padà wọlé.

A bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbogbo àwọn tó ti gba abẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ara wọn le. Ó wá ku ìyá kan tó ń ta iṣu ní Òjòkú, tí fóònù rẹ̀ ò lọ. Ọjọ́ ọjà wọn ni. Mátíróònù ò dúró, ọ̀kadà tó gbé mi wá náà ló gùn lọ.

Nígbà tó padà dé, ìyá náà wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ọ̀kadà. Apá rẹ̀ wú, ara rẹ̀ sì sú títí dé ọrùn. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kòkòrò oko ló jẹ òun, pé kò lè jẹ́ abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún òun, torí òun ti sọ fún wọn pé ara òun kọ pẹnisílíìnì.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n ní kó wá gba abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì tó kù. Ó bi Mátíróònù bóyá òun lè kúkú gbà á báyìí, nígbà tí òun ti dé.