Aṣọ Ló Ń Ya

Mo rántí orúkọ gbogbo ẹni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. N kò ní kọ ọ́ síbí. Àwọn kan ṣì wà láyé.

Àdúgbò Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù ni mo ti ń ránṣọ. Ọmọ mi ọkùnrin ga ju gbogbo wa lọ, apá rẹ̀ sì gùn débi pé bí mo bá wọ̀n ọ́n tán, mo máa ń pe èèyàn wá wò ó. Òun àtẹgbẹ́ rẹ̀ da sìmẹ́ńtì sínú agolo ọ̀dà méjì, wọ́n ri ọ̀pá irin sí i, wọ́n ń gbé e lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ ìlú Ìpara ń bọ̀ wá bá wọn díje irin gbígbé lọ́dún Àjíǹde. Mo ti fọ́nnu káàkiri.

Nígbà tó ku ọ̀tunla kí wọ́n díje, ọmọ náà wọ ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀, ó di àyà mú, òógùn bò ó.

"Bàámi, nǹkan ya nínú mi."

Mo ń gé kóòtù lọ́wọ́. N kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Aṣọ ló ń ya. Èèyàn kì í ya."

Àwọn ọmọọṣẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Bùọ̀dá, ẹ sún mọ́ máṣíìnì, ká bá yín lẹ̀ ẹ́!"

Nígbà tó di ọ̀sán, ìrora náà kúrò láyà, ó bọ́ sẹ́yìn, ó tún bọ́ síbàdí. Ìyá rẹ̀ ní ká gbé e lọ sọ́sibítù.

Mo ní, "Ṣé o ò rí i pé ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni? Ó ń jáde lọ nìyẹn. Fi òrí ra á. Àwọn ará Ìpara ló ń bẹ̀rù."

Ọmọ náà gbọ́. Kò kérora lójú mi mọ́.

Nígbà tí mo fi gbà nírọ̀lẹ́ pé ká gbé e lọ, inú tákísí ló kú sí, ká tó dé ọsibítù. Wọ́n la òkú rẹ̀ wò níbẹ̀. Dókítà ní iṣan ńlá tó ń gbẹ́jẹ̀ jáde látinú ọkàn ló ya: awọ inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ya, ẹ̀jẹ̀ wá ń là á lọ sísàlẹ̀. Ó ní iṣan náà lára àwọn èèyàn mìíràn tó ga, tápá wọn gùn báyẹn, a máa fẹ́lẹ́. Irin gbígbé kò yẹ wọ́n. Mo mọ ohun tó ń sọ. Aṣọ inú kóòtù lè ya tán kójú òde má yí padà.

Wọ́n ti rán àyà rẹ̀ pa dà, gàdàgbà-gadagba, bí ẹni rán àpò gààrí.

Láti ìgbà náà ni gbogbo àdúgbò ti ń pè mí ní Èèyàn-kì-í-ya. Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí ìró rẹ̀ bá ya, ọ̀dọ̀ télọ̀ mìíràn ló ń gbé e lọ.